Iná Ọgbẹ́ àti Àwọn Agbémì Inú Ara Wa

  

Ẹ̀kọ́ wa ti oṣù yìí dá lórí ọgbẹ́, ohun tí kò sí ẹni tí kò ní rí nínú wa. Bí ènìyàn bá fi ẹsẹ̀ kọ òkúta, tàbí tí ọ̀bẹ gé e lọ́wọ́ nílé ìdáná, kí ilẹ̀ tó ṣú, ojú ibẹ̀ á ti pọ́n, á wú, á gbóná, á sì máa ro ó. Ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà pé àrùn ni pípọ́n àti wíwú yìí, pé bí a bá ti lè lé e lọ kíákíá, ọgbẹ́ ti jinná nìyẹn. Ọ̀rọ̀ kò rí bẹ́ẹ̀. Iṣẹ́ ni ó ń lọ lọ́wọ́ níbẹ̀. Àwọn tí ó ń jagun lójú ọgbẹ́ ní ọjọ́ kìíní àti ìkejì, púpọ̀ nínú wọn ni yóò padà di bíríkìlà níbẹ̀ lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀. Bí wọn kò bá rí àyè kúrò nínú ogun bọ́ sínú ilé kíkọ́, ọgbẹ́ náà kò ní jinná, bí a tilẹ̀ ń da oògùn lé e lórí láràárọ̀ àti lálaalẹ́.

Mo mú ọ̀rọ̀ yìí wá nítorí pé ẹ̀yin ọ̀dọ́ ni ẹ ń tọ́jú ọgbẹ́ àwọn òbí yín nínú ilé, púpọ̀ nínú ohun tí a sì ń fi sójú ọgbẹ́ ni ó ń dí àwọn òṣìṣẹ́ Ọlọ́hun wọ̀nyí lọ́wọ́.

ORÚKỌ TÍ A Ń PÈ WỌ́N

Ẹni tí ó bá ti jókòó nílé-kéú díẹ̀ yóò mọ ọ̀rọ̀ náà "lahab", tí í ṣe ahọ́n iná. Òun ni ó wà nínú orúkọ Abuu Lahab. Lára rẹ̀ ni àwọn oníṣègùn tí ó ń sọ èdè Lárúbáwá ti mú "iltihaab", tí wọ́n fi ń pe pípọ́n àti wíwú ojú ọgbẹ́. Àwọn ará Róòmù náà fi iná pè é ní èdè tiwọn. Celsus, ọ̀kan nínú àwọn òǹkọ̀wé wọn, ti ka àmì rẹ̀ sí mẹ́rin ní nǹkan bí 2,000 ọdún sẹ́yìn: pípọ́n, wíwú, gbígbóná àti ríro. Nínú ẹ̀kọ́ yìí, "iná ọgbẹ́" ni èmi yóò máa pè é.

Àwọn òṣìṣẹ́ tí mo ń wí ńkọ́? Sẹ́ẹ̀lì ni wọ́n, ìyẹn ẹyọ kọ̀ọ̀kan nínú àwọn ohun kéékèèké tí Ọlọ́hun fi mọ ara wa, tí ojú lásán kò lè rí. Macrophage ni àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ń pè wọ́n, ìtumọ̀ rẹ̀ ní èdè Gíríìkì sì ni olùjẹ ńlá. Lárúbáwá ń pè wọ́n ní "al-balaa'im al-kabeerah", láti ara "bala'a", ó gbé nǹkan mì. Èmi fẹ́ràn ti Lárúbáwá ju ti Gíríìkì lọ (ẹ má bínú, olùkọ́ kéú ni mí), nítorí pé gbígbé nǹkan mì gan-an ni iṣẹ́ wọn. Wọn kò ní eyín, wọn kò ní ẹnu. Ara wọn ni wọ́n fi ń wé mọ́ kòkòrò àrùn tàbí ìdọ̀tí títí yóò fi wà nínú wọn pátápátá, kí wọ́n tó lọ̀ ọ́ níbẹ̀. Nítorí náà, agbémì ni a ó máa pè wọ́n.

Ẹni tí iṣẹ́ wọn kọ́kọ́ yé ni Élie Metchnikoff, tí wọ́n bí ní ilẹ̀ tí à ń pè ní Ukraine lónìí. Ní ọdún 1882, ó wà ní ìlú Messina ní Ítálì, ó ń fi awò tí ó ń sọ ohun kékeré di ńlá wo ọmọ ẹ̀dá inú òkun kan tí apá rẹ̀ yọ bí ti ìràwọ̀. Ara ọmọ náà mọ́ gaara débi pé láti ìta ni a ti ń rí inú rẹ̀. Ó já ẹ̀gún lára òdòdó inú ọgbà, ó fi gún un. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, àwọn sẹ́ẹ̀lì tí ń rìn káàkiri ti pagbo yí ẹ̀gún náà ká. Ní àkókò yẹn, ọ̀pọ̀ oníṣègùn ni ó gbà pé ńṣe ni irú àwọn sẹ́ẹ̀lì bẹ́ẹ̀ ń gbé àrùn káàkiri inú ara. Metchnikoff ní rárá, pé wọ́n ń gbé àrùn náà mì ni. Wọ́n bá a jiyàn fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ní ọdún 1908, wọ́n fún òun àti Paul Ehrlich ará Jámánì ní ẹ̀bùn Nobel.

ONÍLÉ ÀTI ÀLEJÒ

Kì í ṣe ibi kan náà ni gbogbo agbémì ti wá. Àwọn onílé wà nínú wọn, tí púpọ̀ nínú wọn ti wọ ibùgbé wọn láti ìgbà tí a ti wà nínú ìyá wa. Àwọn kan ń gbé inú ẹ̀dọ̀, tí wọ́n ń sẹ́ ẹ̀jẹ̀ tí ó ń kọjá lọ. Àwọn kan ń gbé inú ọpọlọ. Àwọn ti inú ẹ̀dọ̀fóró ni ó ń gbé eruku àti èéfín tí a bá fà símú mì. Bí ẹ bá ń fọn iná igi lójoojúmọ́, wọn kì í sinmi. Àwọn ti inú ọlọ́ ni ó ń gbé ẹ̀jẹ̀ pupa tí ó ti gbó mì. Nǹkan bí 120 ọjọ́ ni ẹyọ sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ pupa kan ń lò láyé, lẹ́yìn èyí ni àwọn agbémì á tú u palẹ̀, wọn á sì dá irin inú rẹ̀ padà kí ara fi ṣe ẹ̀jẹ̀ tuntun.

Ọ̀rọ̀ kan wà tí kò yẹ kí n fò. Ẹ̀yin mọ fínfín ara, èyí tí Ànábì wa (SAW) kọ̀ fún wa. Kí ló dé tí kì í parẹ́, nígbà tí awọ ara wa ń pàrọ̀ ara rẹ̀? Ní ọdún 2018, àwọn onímọ̀ kan ní ìlú Marseille ní ilẹ̀ Faransé fi eku wádìí rẹ̀. Wọ́n rí i pé àwọn agbémì inú awọ ara ni ó gbé ẹ̀ṣọ́ dúdú náà mì, tí wọn kò lè lọ̀ ọ́. Bí agbémì kan bá kú, ẹ̀ṣọ́ náà á jáde lára rẹ̀, agbémì mìíràn tí ó gba ipò rẹ̀ á tún gbé e mì. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń jogún rẹ̀ láti ọwọ́ ọ̀kan dé ọwọ́ èkejì.

Àwọn àlejò ni ìpín kejì. Inú mùdùnmúdùn egungun ni wọ́n ti ń wá, inú ẹ̀jẹ̀ ni wọ́n ń gbà kọjá, ìgbà tí wọ́n bá sì dé ibi tí wàhálà wà ni wọ́n tó ń di agbémì. Àwọn wọ̀nyí ni ó pọ̀ jù lójú ọgbẹ́.

OHUN TÍ Ó Ń ṢẸLẸ̀ LÓJÚ ỌGBẸ́

Bí ọ̀bẹ bá gé ni, ẹ̀jẹ̀ á kọ́kọ́ dì láti dí ojú ihò náà. Àwọn agbémì onílé tí ó wà nítòsí á kígbe. Igbe tiwọn kì í ṣe ohùn. Èròjà kéékèèké ni wọ́n ń tú jáde, tí ó ń sọ fún òpó ẹ̀jẹ̀ pé kí ó fẹ̀. Bí ó bá ti fẹ̀, ẹ̀jẹ̀ á rọ́ wá, ibẹ̀ á pọ́n, á sì gbóná. Omi á jò jáde láti inú ẹ̀jẹ̀ bọ́ sínú ẹran ara, ibẹ̀ á wú. Wíwú náà àti àwọn èròjà wọ̀nyẹn á ru ìmọ̀lára sókè, á máa ro ni, ènìyàn kò sì ní fẹ́ fi ọwọ́ náà ṣiṣẹ́. Àánú ni èyí pàápàá, nítorí ibi tí wọ́n ti ń ṣe iṣẹ́ kò yẹ ní ibi tí à ń gbé ẹrù lé.

Láàárín wákàtí díẹ̀, oríṣi sẹ́ẹ̀lì funfun kan tí kì í ṣe agbémì ńlá ni ó máa ń kọ́kọ́ dé. Neutrophil ni orúkọ wọn. Wọ́n pọ̀ bí èèrà, wọ́n ń pa kòkòrò àrùn, wọn kì í sì í pẹ́ kú. Òkú wọn ni ó pọ̀ jù nínú ohun tí à ń pè ní ọyún. Nígbà tí ó bá fi máa di ọjọ́ kejì tàbí ìkẹta, àwọn agbémì ti dé ní ẹgbẹẹgbẹ̀rún, iṣẹ́ sì bọ́ sí wọn lọ́wọ́.

Ìṣesí àkọ́kọ́ tí wọ́n máa ń mú wá ni ti jagunjagun. Wọ́n ń gbé kòkòrò mì, wọ́n ń pe àwọn mìíràn wá, wọ́n sì ń ṣe afẹ́fẹ́ olóró kan tí à ń pè ní náítríìkì ọ́ksáìdì, èyí tí ó ń pa kòkòrò. Èròjà oúnjẹ kan tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ ájínììnì ni wọ́n fi ń ṣe é. Oró náà kì í yan ẹni tí yóò pa lára tán; ó lè ba ẹran ara tiwa náà jẹ́ bí ó bá pẹ́ jù. Ìṣesí kejì ni ti bíríkìlà. Ájínììnì kan náà ni wọ́n ń mú, ṣùgbọ́n nǹkan mìíràn ni wọ́n ń fi ṣe, èyí tí ó wúlò fún híhun ẹran tuntun. Wọ́n dẹ́kun igbe ogun, wọ́n ń pe òpó ẹ̀jẹ̀ tuntun pé kí ó hù wá, wọ́n sì ń ránṣẹ́ sí àwọn sẹ́ẹ̀lì tí ń hun okùn tí awọ ara fi ń di ara mú. Ẹ wò ó, ohun èlò kan náà, ọwọ́ kan náà, oró níjelòó, ẹran tuntun lónìí!

Ní ọdún 2000 ni Charles Mills àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní Amẹ́ríkà sọ ìṣesí méjèèjì yìí ní orúkọ, M1 àti M2, lẹ́yìn tí wọ́n ti fi oríṣi eku méjì wádìí bí ọ̀kọ̀ọ̀kan ṣe ń lo ájínììnì. Orúkọ náà rọrùn, ó sì tàn kálẹ̀. Ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé ẹ̀yà méjì ni wọ́n. Ọmọ kéú tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ nahwu, a ó kọ́ ọ pé ọ̀rọ̀ pín sí mẹ́ta: ism, fi'l àti harf. Òtítọ́ ni. Ṣùgbọ́n tí ó bá tẹ̀ síwájú, yóò pàdé ism faa'il, tí ó jẹ́ ism ní ìrísí rẹ̀, tí ó sì ń ṣe iṣẹ́ fi'l nínú gbólóhùn. Bẹ́ẹ̀ ni ti àwọn agbémì. Lójú ọgbẹ́ gidi, wọ́n ń rí èyí tí ó ní àmì méjèèjì lára. Ní ọdún 2014, ọ̀pọ̀ onímọ̀ pa ohùn pọ̀ pé kí olúkúlùkù máa sọ ohun tí ó sọ agbémì rẹ̀ di bẹ́ẹ̀, kí ó má kàn lẹ orúkọ mọ́ ọn.

Kí ni ó ń yí wọn padà? Ohun tí ó wú mi lórí jù nínú gbogbo ẹ̀kọ́ yìí nìyí. Ọ̀kan pàtàkì nínú rẹ̀ ni òkú tí wọ́n ń gbé mì. Bí agbémì bá gbé òkú sẹ́ẹ̀lì mì, àwọn neutrophil tí ó ti ṣe iṣẹ́ wọn tán tí wọ́n sì ti kú, gbígbémì náà fúnra rẹ̀ a máa sọ fún un pé ogun ti ń parí lọ. Ní ọdún 2007, àwọn onímọ̀ kan ní ilẹ̀ Faransé ṣe àmì sí àwọn agbémì tí ó wọ inú iṣan eku tí ó ṣèṣe. Wọ́n rí i pé àwọn tí ó wọlé bí jagunjagun náà ni ó yí padà níbẹ̀ di ẹni tí ń mú iṣan tuntun dàgbà. Gbígbé àwókù iṣan náà mì ni ó sì ń yí wọn padà. Nítorí náà, ẹni tí kò bá kó ilẹ̀ tán kò lè bẹ̀rẹ̀ ilé.

BÍ WỌN KÒ BÁ SÍ ŃKỌ́?

Ìbéèrè yìí ti pẹ́. Ní ọdún 1975, Leibovich àti Ross lo oògùn méjì pọ̀ fún àwọn ẹranko kékeré kan láti dín agbémì inú ọgbẹ́ wọn kù. Ọ̀kan nínú oògùn náà ni hydrocortisone. Ìdọ̀tí pẹ́ nínú ọgbẹ́ wọn, híhun ẹran tuntun náà sì falẹ̀. Ní ọdún 2010, àwọn onímọ̀ kan ní Jámánì tún un ṣe lára eku, wọ́n sì pín àkókò. Nígbà tí wọ́n mú agbémì kúrò ní ìbẹ̀rẹ̀, ẹran tuntun kò hù dáadáa, ọgbẹ́ náà kò sì tètè pa ojú dé. Nígbà tí wọ́n mú wọn kúrò ní àárín, tí bíríkìlà ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́, òpó ẹ̀jẹ̀ tuntun ya, ẹ̀jẹ̀ ń dà nínú ọgbẹ́. Nígbà tí wọ́n mú wọn kúrò ní ìparí, kò sí ohun tí ó yàtọ̀. Ẹ̀dá inú omi kan tún wà tí ó jọ alángbá, axolotl ni orúkọ rẹ̀, tí ó jẹ́ pé bí ẹsẹ̀ rẹ̀ bá gé, òmíràn á hù. Ní ọdún 2013, àwọn onímọ̀ ní Ọsirélíà mú àwọn agbémì rẹ̀ kúrò, ẹsẹ̀ náà kò hù mọ́.

Ẹ jẹ́ kí n dúró díẹ̀ lórí hydrocortisone yẹn, nítorí ìdílé rẹ̀ wà nínú púpọ̀ nínú ìpara tí àwọn ọ̀dọ́ wa, lọ́kùnrin lóbìnrin, fi ń bóra. Ìdílé oògùn yìí ni àwọn dókítà ń lò láti pa iná inú ara, ó sì wúlò púpọ̀ fún aláìsàn tí wọ́n bá wọ̀n ọ́n fún. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá ń fi í pa gbogbo ara fún oṣù mélòó kan, awọ ara rẹ̀ á fẹ́lẹ́, iná ọgbẹ́ rẹ̀ á kú kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀, ọgbẹ́ rẹ̀ kì í sì í tètè jinná. Bí ó bá di ọjọ́ iṣẹ́ abẹ, wàhálà ni fún ẹni tí yóò rán awọ náà.

IBI TÍ IṢẸ́ TI Ń DÀRÚ

Ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọgbẹ́ tí kì í jinná, kì í ṣe pé agbémì kò sí níbẹ̀. Wọ́n wà níbẹ̀, wọ́n pọ̀, ṣùgbọ́n ogun ni wọ́n ṣì ń jà. Ẹni tí ó ní ìtọ̀ ṣúgà ni àpẹẹrẹ tí ó hàn jù. Bí ṣúgà bá pọ̀ nínú ẹ̀jẹ̀ fún ìgbà pípẹ́, àwọn agbémì kì í gbé òkú mì dáadáa, wọn kì í sì í tètè yí padà sí bíríkìlà. Oró ń jáde lójoojúmọ́, ẹran tuntun tí ó bá yọ, oró náà á tún jẹ ẹ́. Lẹ́yìn èyí, ìmọ̀lára ẹsẹ̀ irú ẹni bẹ́ẹ̀ lè ti kú, ẹ̀jẹ̀ kì í sì í dé ibẹ̀ tó. Bí wọ́n ṣe ń gé ẹsẹ̀ àwọn àgbà wa nìyẹn, láti ara ohun tí ó bẹ̀rẹ̀ bí ibi tí bàtà ti ha wọ́n.

Ó tún máa ń dàrú sí ọ̀nà kejì. Bíríkìlà lè má mọ ìgbà tí ó yẹ kí ó dáwọ́ dúró. Àpá á yọ lé ara, á tóbi ju ọgbẹ́ lọ. Ó wọ́pọ̀ lára àwa ènìyàn dúdú, lára etí tí a lu tàbí láyà. Kí ẹni tí ó bá ní irú rẹ̀ má ṣe gbà kí ẹnikẹ́ni fi abẹ gé e nílé, nítorí ọgbẹ́ tuntun ni ó máa fi pè wọ́n padà. Ti ikọ́ ife tún burú ju èyí lọ: kòkòrò rẹ̀ máa ń jẹ́ kí agbémì inú ẹ̀dọ̀fóró gbé òun mì, á sì máa gbé inú rẹ̀ bí ẹni tí ó gba yàrá.

OHUN TÍ A Ń FI SÓJÚ ỌGBẸ́

Mo ti rí epo ẹ́ńjìnnì ọkọ̀, mo ti rí kẹrosíìnì, eérú, omi bátìrì àti ìgbẹ́ màlúù. Mo ti rí ẹni tí ó tú oògùn inú kápúsù dà sójú ọgbẹ́. Àwọn kan nínú wọ̀nyí ń pa ẹran ara pẹ̀lú kòkòrò, àwọn kan ń kó kòkòrò tuntun wá, ìgbẹ́ sì lè mú tẹ́tánọ́ọ̀sì wá. Gbogbo wọn ni ó ń fi òkú àti ìdọ̀tí kún èyí tí àwọn agbémì ní láti gbé mì kí wọ́n tó yí padà. Sípíríìtì pàápàá, kì í ṣe inú ọgbẹ́ tí ó là ni à ń dà á sí. Omi mímọ́ tí ń ṣàn ni kí ẹ fi fọ̀ ọ́ dáadáa títí iyanrìn àti ìdọ̀tí yóò fi jáde, kí ẹ fi aṣọ mímọ́ dì í. Bí ẹ̀jẹ̀ bá ń dà, kí ẹ fi aṣọ náà tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ láìṣí i wò. Bí ìṣó tàbí ẹ̀gún bá gún ni wọlé jìn, ẹ lọ gba abẹ́rẹ́ tẹ́tánọ́ọ̀sì, nítorí oró tẹ́tánọ́ọ̀sì kì í ṣe ohun tí agbémì lè kojú.

Oyin ńkọ́? Ìwòsàn wà nínú rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí Àlùkùránì ti sọ, àwọn ilé ìwòsàn sì ń lo èyí tí wọ́n ti pèsè fún ọgbẹ́. Èyí tí wọ́n pò mọ́ ṣúgà lẹ́bàá ọ̀nà, a kò mọ ohun tí ó wà nínú rẹ̀.

Iná ọgbẹ́ yẹ kí ó máa rẹlẹ̀ lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀. Bí ó bá ń tàn kálẹ̀ dípò kí ó rẹlẹ̀, bí ibà bá dé, bí ọyún bá ń pọ̀ sí i tàbí tí ó ń rùn, ilé ìwòsàn ni.

ÀLÙWÀLÁ ẸNI TÍ Ó NÍ ỌGBẸ́

Bàbá kan wà ní àdúgbò wa tí ó ní ìtọ̀ ṣúgà, tí egbò sì wà ní ẹ̀yìn ẹsẹ̀ rẹ̀. Nọ́ọ̀sì di egbò náà fún wọn. Ní gbogbo ìgbà ìrun, bàbá á tú aṣọ náà, wọn á fọ ẹsẹ̀, wọn á sì tún aṣọ tútù yẹn dì padà. Ìgbà márùn-ún lójúmọ́! Ẹran tuntun tí àwọn bíríkìlà hun mọ́jú, ó fẹ́lẹ́ bí àwọ̀ ẹyin, aṣọ ni ó ń lẹ̀ ẹ́ jáde. Nígbà tí mo bá wọn sọ̀rọ̀, wọ́n ní, "Àfáà, ṣé kí n wá máa kírun láìní àlùwàlá?"

Ẹ̀sìn kò sọ bẹ́ẹ̀. Ní mazhab Imaam Maalik tí à ń tẹ̀lé, bí omi kò bá ní pa ọgbẹ́ lára, a ó fọ̀ ọ́. Bí ó bá máa pa á lára, a ó fi ọwọ́ tútù pa ojú rẹ̀. Bí pípa náà bá tún máa dá wàhálà sílẹ̀, orí aṣọ tí a fi dì í ni a ó pa, a ó sì fọ àwọn ibi yòókù bí a ti ń fọ̀ wọ́n. Kò pọn dandan lọ́dọ̀ àwọn Maalikiyyah pé kí ènìyàn ní àlùwàlá kí wọ́n tó di ọgbẹ́ náà. Bí a bá ṣí aṣọ náà láti pàrọ̀ rẹ̀, a ó tún pípa náà ṣe. Ẹni tí ọgbẹ́ rẹ̀ pọ̀ débi pé kò lè lo omi, tayammum wà fún un.

Àlùwàlá yìí kan náà sì ni ẹni tí ó ní ìtọ̀ ṣúgà tí kò tíì ní egbò lè fi ṣọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀. Kí ó fi ọwọ́ wo àtẹ́lẹsẹ̀ àti àárín ọmọ ìka rẹ̀ nígbà tí ó bá ń fọ̀ wọ́n, kí ó nu àárín ìka gbẹ lẹ́yìn rẹ̀. Bí ojú rẹ̀ kò bá ríran dáadáa mọ́, kí ọmọ rẹ̀ bá a wò ó. Bí wọ́n bá rí ibì kan tí ó pọ́n, tàbí tí ó gbóná ju ìyókù lọ, kí wọ́n lọ sí ilé ìwòsàn lọ́jọ́ náà, bí kò tilẹ̀ ro ó rárá. Àwọn agbémì ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ níbẹ̀, ẹsẹ̀ náà ni kò lè sọ fún un.